Pípẹ́ẹ̀tì Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ mi ní kẹ́mísìrì ní fọ́ọ̀mù kẹta ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí a bá pàdé ní bánkì, wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á béèrè àlàáfíà mi, èmi náà á sì dá wọn lóhùn. Wọn ò mọ ohun tó wà láàárín èmi àti bàbá wọn. Ẹ ó rí i pé “ó” ni mò ń pè é, pé mi ò pè é ní “wọ́n” bí ó ti yẹ kí n pe ẹni tó jù mí lọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọ̀wọ̀ náà ò ṣẹ́ kù fún òun.

Ilé-ìwé àwọn obìnrin ni tiwa, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Bí a bá ti wọ fọ́ọ̀mù kẹta ni wọ́n máa ń pín wa: àwọn tó máa ka sáyẹ́ǹsì á lọ sí láàbù, àwọn yòókù á lọ máa ka ìtàn àti ìtọ́jú ilé. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tó rò pé ibòmíràn ni wọ́n máa kó mi sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a wọ láàbù, ó ń ka orúkọ wa nínú ìwé. Nígbà tó kan orúkọ tèmi, orúkọ Mùsùlùmí tí bàbá mi sọ mí, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ìwọ, ṣé bàbá ẹ kọ́ ló ń ta aṣọ nítòsí mọ́sálásí?”

“Àwọn ni, Sà.”

“Kí lo wá ṣe níbí? Kẹ́mísìrì ò sí nínú Kùránì. Tó bá fi máa di ọdún méjì sí i, Àlájì á ti fi ẹ́ fọ́kọ. Èmi ò ní ásíìdì tí mo máa fi ṣòfò lórí ìyàwó ilé.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ mi, ìlà tó tọ́ dáadáa, bí ẹni pé bí ó bá wọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó wà. Mo kó ìwé mi, mo jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun kéèkì, tí òórùn láàbù sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wá wá. Mi ò sọ fún bàbá mi. Wọn ò mọ̀wé; ká ní wọ́n gbọ́ ni, wọn ì bá wọ agbádá, wọn ì bá mú àgbà méjì dání láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wólẹ̀ fún ọkùnrin yẹn nítorí mi.

Ìgbà tí mo jáde girama ni mo tó mọ bí ìlà kan ṣe lè gùn tó. Gbogbo ìwé ìwọlé yunifásítì tí mo yẹ̀ wò, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ oògùn, kó mú kẹ́mísìrì wá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kó mú un wá. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ nípa ewéko àti ẹranko lásán, àfi kó mú kẹ́mísìrì wá. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé náà ní, wọ́n sì ti tì í mọ́ mi lójú láti fọ́ọ̀mù kẹta. Mo di olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ayépé. Mo lọ́kọ, mo bímọ méjì. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ gboyè nínú kẹ́mísìrì, kí n padà sí ilé-ìwé wa, kí n dúró nínú láàbù yẹn gan-an, kí n máa ka orúkọ àwọn ọmọbìnrin láìyọ ẹnikẹ́ni kúrò.

Ó kù díẹ̀ kí n pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ní àkókò ìsinmi gígùn, tí wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Wọ́n fún mi ní àyè, ṣùgbọ́n wọ́n so okùn mọ́ ọn. Wọ́n lẹ òfin rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde, mo kà á títí mo fi há a sórí: ẹni tí kò bá ní kẹ́mísìrì nínú ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ yìí kó tó lè forúkọ sílẹ̀ fún kẹ́mísìrì ọdún kìn-ín-ní. Ìdánwò orí ìwé lọ́tọ̀, ti láàbù lọ́tọ̀. A kì í fi ọ̀kan dí èkejì. Ẹni tó bá kùnà nínú ọ̀kan, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ọkọ mi sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, láìbínú, pé, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà fún ẹ o. Bí èyí ò bá bọ́ sí i, ká gbàgbé ẹ̀.”

Mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ta ni mo bá níwájú pátákó? Òun náà ni. Wọ́n ní ó ti lọ kàwé sí i, ó ti kúrò ní girama. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n awò ojú náà kò yí padà. Orúkọ ọkọ mi ni mo ń jẹ́ nísinsìnyí, ó kà á, ó kọjá lọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ pé kò dá mi mọ̀, àbí kí n bínú.

Orí ìwé ò dà mí láàmú. Bí ó bá béèrè ìbéèrè, mo ti ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu kó tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n mi ò ń nawọ́. Láàbù ni wàhálà wà. Ọdún yẹn, oṣù keje ni ààwẹ̀ Rámádáànì bọ́ sí. Iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń fi dán gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísìrì wò ni kó fi ásíìdì pa omi sódà, irú sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, kó wá ka iye ásíìdì tó lọ sí i. Ó rọrùn bí a ti ń sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti wọn omi sódà náà, kó péye. Pípẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, igò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikùn rẹ̀ yọ láàárín, tó gùn tó apá èèyàn. Wọ́n á ti ìdí rẹ̀ bọ inú omi, wọ́n á fi ẹnu fa orí rẹ̀ títí omi á fi gòkè kọjá àmì, wọ́n á sì fi ìka dí i kíá. Ẹnu ni. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kò sí ohun mìíràn tí a mọ̀.

Méjì-méjì la ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ gbà mí sílẹ̀. Ẹnì kejì mi jẹ́ obìnrin olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin, oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ń ta kẹrosíìnì.

“Àlájà tí ò tíì dé Mẹ́kà,” ló máa ń pè mí. “Ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa ka nọ́ńbà. Ẹnu tó ti fi rọ́bà fa kẹrosíìnì látinú dúróòmù ìyá mi, kí ni omi sódà fẹ́ fi í ṣe?”

“Bó bá wọ ọ̀fun yín ńkọ́?”

“Inú mi á funfun bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ sọ fún ọkọ mi kó wá wò ó.”

A jọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ ìdánwò, olúkúlùkù á dúró lọ́tọ̀ ni. Mo ń ka ọjọ́. Nígbà tí wọ́n lẹ ọjọ́ ìdánwò láàbù mọ́ pátákó, mo fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì: ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ parí ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí òjò wó òrùlé láàbù, pé kí ásíìdì tán nílùú. Oúnjẹ ìṣínu kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Àwa Mùsùlùmí mélòó kan la wà nínú kíláàsì náà, èmi nìkan sì ni obìnrin níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ò da ara wọn láàmú. Ọ̀kan láti Ìbefún sọ ọ́ ní gbangba pé òun á jẹun lọ́jọ́ ìdánwò.

“Arìnrìn-àjò ni mí,” ló wí. “Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò. Màá san án padà.”

“Láti Ìbefún sí ibí ni ìrìn àjò?” ni ọ̀rẹ́ mi ará Imùṣin bi í. “Tẹ́ ẹ bá wá dé Èkó ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní gbààwẹ̀ fún ọdún kan ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ọkùnrin tó ń fọ igò ní láàbù. Ẹni yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Òun ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa, tó ń pe ìrun ní àárọ̀ kó tó wá síbi iṣẹ́. Ó mọ bàbá mi, ó mọ ìyá ọkọ mi, ó sì mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ará Ìbefún, ó sì dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó ti wí fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀ pé, “Ọmọ Àlájì, mo rí i pé o ò fi ẹnu kan nǹkan yẹn. O káre. Aláàwẹ̀ tó bá fẹnu fa irú ìyẹn, ebi lásán ló ń pa ara ẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì ni ìyá ọkọ mi ti gbọ́, tí wọ́n ń ròyìn mi fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní mọ́sálásí. Ọkùnrin a máa jẹun, wọ́n á pè é ní arìnrìn-àjò. Obìnrin tó bá tú ààwẹ̀ nítorí ìdánwò, ẹ kò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa pè é.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ ìdánwò náà, mi ò gbààwẹ̀.

Mo jí jẹ sààrì pẹ̀lú gbogbo ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo wọ ilé ìwẹ̀, mo rí nǹkan oṣù mi, ó fi bí ọ̀sẹ̀ kan ṣíwájú àkókò rẹ̀. Gbogbo obìnrin Mùsùlùmí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ààwẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀bi mi, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí n má gbà á. Mo jókòó sórí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Mo lè fa pípẹ́ẹ̀tì. Mo lè mu odò kan tán bó bá wù mí.

Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, obìnrin tó bá wà ní irú ipò yẹn kì í jẹ́ kí ọkùnrin mọ̀. Á jí jẹ sààrì bíi ti gbogbo ayé. Bó bá fẹ́ jẹun lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni á ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìkánjú, á nu ẹnu rẹ̀ nù, á jáde síta, á sì máa tu itọ́ bí aláàwẹ̀. Lálẹ́, á jókòó ti àwọn tó ń ṣínu, á ní òùngbẹ gbẹ òun. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. A kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá wá fa pípẹ́ẹ̀tì lójú ládàánì, ohun méjì ló lè rò. Ó lè rò pé mo ti tú ààwẹ̀ nítorí ìdánwò, tàbí kó mọ̀ pé nǹkan oṣù mi dé. Mi ò mọ èyí tó burú jù. Bí mo ti ń jáde nílé, ìyá ọkọ mi gbé ọwọ́ lé mi lórí.

“Ààwẹ̀ tó wà lẹ́nu ẹ á gbà ẹ́ lónìí.”

“Àmín, Màmá.”

Mi ò fi ẹnu kan omi kí n tó kúrò nílé. Mo tu itọ́ lójú ọ̀nà títí mo fi dé láàbù.

Ó pín ìwé fún wa, ó ní kí a bẹ̀rẹ̀. Mo da omi sódà sínú ife, mo da ásíìdì sínú igò gígùn tó ní ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀, mo mú pípẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e dé ètè. Ó tutù. Mo gbójú sókè, ládàánì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ igò, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wò mí. Ó mi orí sí mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. Ẹnu mi pa dé. Mo tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Pípẹ́ẹ̀tì náà kan ehín mi, ó dún. Mo gbé e kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà nídìí tábìlì kejì wò mí, ó fi ẹnu ṣàpèjúwe pé, “Ẹ fà á!” Mi ò lè fà á.

Mo ronú láti na ọwọ́, kí n bi olùkọ́ náà bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó wà ní iwájú níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo na ọwọ́ náà dé ìdajì. Mo wá rí i bó ṣe máa yọ awò ojú rẹ̀, tí gbogbo láàbù á gbọ́ ohun tó máa sọ nípa Kùránì àti ìyàwó ilé, tí wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ náà tún ìborùn mi ṣe, mo gbé e sílẹ̀.

Ife ìwọ̀n ni mo lò, èyí tó fẹ̀ lẹ́nu bí ife tíì, tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tó máa já sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pa á, ásíìdì díẹ̀ ló lọ sí i. Ìgbà kejì, ó pọ̀. Ìgbà kẹta, kò bá èyíkéyìí mu. Nọ́ńbà mẹ́ta tó yẹ kó jọra bí ọmọ ìyá, wọ́n wà níbẹ̀ bí àjèjì. Mo tún un ṣe títí omi sódà mi fi tán. Olùkọ́ náà ń rìn kiri. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo pípẹ́ẹ̀tì mi tó gbẹ táútáú lórí tábìlì, ó wo ife ìwọ̀n, ó wo ojú mi. Ó kọ nǹkan sínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ sí i ju bó ti dúró ti àwọn yòókù lọ, lẹ́yìn náà ó kọjá.

Wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ní orí ìwé, èmi ni mo ṣe ipò kejì. Ní láàbù, mo kùnà. Ará Ìbefún yege. Ọ̀rẹ́ mi yege, ó dì mọ́ mi níwájú pátákó, ó ń sunkún ju èmi lọ. “Ẹ lọ bá a,” ló ń wí. “Ẹ ṣàlàyé fún un. Èèyàn ni òun náà.”

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, bí mo tilẹ̀ ti búra láti kékeré pé mi ò ní kúnlẹ̀ fún un.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ìyẹn ni mi ò fi lè fa pípẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lójú yín báyìí.”

Irọ́ ni, ó sì jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.

“Wọ́n ti gbé ìwé èsì lọ,” ló wí. “Dìde.”

“Ẹ ti yọ orúkọ mi rí, Sà. Ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ẹ ò rántí mi?”

“Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wọlé ni mo ti mọ̀ ẹ́. Mo mọ bàbá ẹ.” Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Kò tọrọ àforíjì. Mo dúró dè é, kò tọrọ ọ.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Ayépé ní oṣù kẹsàn-án. Ọkọ mi ò bínú, kò sì tún gbà. Nígbà tó yá mo ka ìmọ̀ ìtàn, tí wọn kì í béèrè kẹ́mísìrì fún, mo sì di ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí kọ́ nìyẹn. Ládàánì ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé mo fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí ààwẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń sọ ọ́ kiri títí wọ́n fi kú. Wọ́n fi mí joyè láàárín àwọn obìnrin mọ́sálásí, wọ́n sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí, mo jókòó níbẹ̀, mo ń ṣe àmín sí irọ́. Fún gbogbo ẹni tó bá béèrè, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ọkùnrin yẹn fìyà jẹ mí nítorí ẹ̀sìn mi. Òótọ́ ni, ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ẹ̀bi ti ẹ̀ẹ̀kejì ni mi ò mọ bí mo ṣe lè pín in láàárín èmi àti òun.

Nítorí pé bí mo ti dìde nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí mo ti di ilẹ̀kùn mú, ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ jáde. Ó mú rọ́bà pupa kan, róbótó bí ẹyin, ó ti ihò rẹ̀ bọ orí pípẹ́ẹ̀tì kan, ó ki ìdí pípẹ́ẹ̀tì náà bọ ife omi, ó tẹ rọ́bà náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, omi sì gòkè. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ò kàn án rárá. Ó gbé e síwájú mi lórí tábìlì, ó sì wí pé:

“Nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni mo ṣe wá a rí. Ó wà nínú àpò mi láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, mò ń retí pé kí o kàn bi mí. O ò bi mí. Ta ló pa ẹ́ lẹ́nu mọ́?”